Sí Àbúrò Mi tí Wọ́n Fi Jẹ Mínísítà

Ayọ̀kúnnú, wọ́n ka orúkọ rẹ lórí rédíò láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀,
mo ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́, mo ṣíwọ́.
Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ní ìwọ ni.
Ìwé ìrìnnà, ìwọ náà ni.
Ààbò ilẹ̀, wọ́n tún dárúkọ rẹ.
Mo ní, àbí ènìyàn mẹ́ta ló ń jẹ́ Ṣógbàmú?

Ká tó wí, ká tó fọ̀, ilé ti kún.
Ìtòkò gbọ́, Ìbarà gbọ́, ará Lafẹ́nwá sọdá afárá wá.
Ọkùnrin kan kó fọ́tò pélébé mẹ́rin lé mi lẹ́sẹ̀,
ojú ọmọ rẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin,
ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bí ìjọba ṣe fẹ́ ẹ,
etí méjèèjì hàn,
kí n ṣáà bá òun fi ránṣẹ́ sí ọ.
Mo ní tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, n kì í ṣe ọ́fíìsì.
Ó rẹ́rìn-ín. Kò kó fọ́tò ọ̀hún lọ.

Iṣẹ́ yìí ti wà nílé wa kí wọ́n tó bí ọ.
Ìyá wa ló ń ṣe é, kò gbowó oṣù.
Nígbà tí ewúrẹ́ wa jẹ ẹ̀gẹ́ ará ìsàlẹ̀,
òun ló gbé abọ́ iyọ̀ lọ, tó kúnlẹ̀ lórí òkúta,
tó fa ewúrẹ́ bọ̀ wálé tẹ̀rín-tẹ̀rín.
Òkèèrè nìyẹn.
Ta ló sì tó kọjá ìloro láìwí ibi tó ń lọ?
"Ọ̀dọ̀ ta ni? Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ìgbà wo lo máa dé?"
Tí ìdáhùn bá tẹ́ ẹ lọ́rùn,
a fi àtàǹpàkò tí aró ti pa láró tẹ̀ ọ́ níwájú orí.
Òǹtẹ̀ nìyẹn.
Lálẹ́, a fi ọmọ odó ti ilẹ̀kùn,
a ka orí wa, ení, èjì, títí dé orí tìrẹ,
kó tó pa fìtílà.
Ògiri tí kò lanu, ó ní, aláǹgbá á máa kí i lókèèrè.
Ṣùgbọ́n n kò rí i rí kó rán ọmọ ẹnìkan
lọ dúró síta nínú òkùnkùn
kí àwa lè sùn.

O rántí ilé tó kọjú sí tiwa, tí páànù rẹ̀ pọ́n?
Ọmọkùnrin méjì ni ìyá tó ń gbébẹ̀ bí.
Bánkọ́lé ti lo oṣù mẹ́jọ lórí ìlà ní Òkè-Mọ́sàn,
ó ń débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́,
wọ́n ń sọ fún un pé ìwé ti tán, kó padà wá.
Ṣówándé àbúrò rẹ̀ kò tò rárá.
Ọjọ́ mẹ́ta ni ìwé tirẹ̀ gbà:
ìbọn, bàtà, ọkọ̀ tó ń lọ sí ibodè lápá òkè.
Ó dé lóṣù Agẹmọ, nínú pósí tí wọ́n fi àsíá bò.

Èyí tó fẹ́ lọ, wọn ò jẹ́ kó lọ.
Èyí tí kò tọrọ ọ̀nà, wọ́n là á sílẹ̀ fún un.
Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo fọwọ́ sí i.
Àga ni. Ìwọ lo wá jókòó lé e báyìí,
ó ṣì gbóná.

Ìyá wọn wá kí mi kú oríire lánàá,
ọsàn márùn-ún nínú ọ̀rá.
Kò tọrọ nǹkan kan.
Ó wo fọ́tò rẹ lára ògiri títí, ó wá ní,
"Ṣé bírò kan náà ló máa fi kọ gbogbo ẹ̀ ni?"
N kò lè dá a lóhùn.
Mo bó ọsàn.

Tó o bá ń bọ̀, fi fèrè mọ́tò sílẹ̀ ní Sápọ̀n.
Gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.
Ìkòkò aró ìyá wa ṣì wà níbẹ̀, ó ti sán létí,
ti àtàǹpàkò bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó o wò ó
kó o tó fọwọ́ sí ìwé mìíràn.

Fọ́tò ọkùnrin ọjọ́sí ṣì wà lórí tábìlì mi.
Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín.
Ìjọba ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.