Fi Mẹ́ta Kún Un

Agogo méjì òru, Táíwò Ìsàlẹ̀.
Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti dákẹ́,
bátìrì tèmi ku ìdá kan nínú mẹ́ta.
Kọ̀ǹpútà akápò alájẹṣẹ́kù Àjàṣẹ́-Ìpo ló wà níwájú mi.
Àlájà Sífáwù ní owó ń jáde lọ síbi tí òun ò rán an.

Mo yẹ ètò náà wò, kò jẹ̀bi.
Ó ń pe ilé-ìkàwé bó ṣe máa ń pè é,
ó dárúkọ àdírẹ́sì, ó kanlẹ̀kùn,
ṣùgbọ́n ẹnìkan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà:
báìtì márùn-ún péré, tó ń sọ fún gbogbo àlejò pé
“Kì í ṣe ibí. Ẹ yà sọ́hùn-ún.”
Ọ̀hún ni olè tẹ́ní sí.
Bó bá tú ẹrù wọn wò tán,
yóò tún sìn wọ́n padà sílé tí wọ́n ń wá,
tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́.
Ta ni yóò fura?

Mo ní kò burú. Ẹ̀dà tó mọ́ wà nínú dísíìkì.
Mo dà á bo èyí tó wà nínú ìrántí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin,
bí ẹni ń fi ẹfun kun ògiri tí wọ́n kọ ìkọkúkọ sí.
Ètò náà ta gìrì lẹ́ẹ̀kan,
ó kú.
Mo tún un ṣe. Ó tún kú.
Mo bú ẹni tó kọ ọ́. Mo mu gàrí tó ti wú.

N ò mọ ohun tó gbé Pàkátà wá sí mi lọ́kàn,
Bàbá Múdà apínlẹ́tà, kẹ̀kẹ́ tí agogo rẹ̀ ti jábọ́.
Ọdún tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sí oríta
ni wọ́n tún ilé kà: àwa tá a jẹ́ kejìlá di kẹẹ̀ẹ́dógún.
Lẹ́tà Kùmásì ṣì ń pè wá ní kejìlá.
Bàbá Múdà ò dá ọ̀kan padà rí.
“Fi mẹ́ta kún un,” ni yóò wí. “Wọn ò sọnù, wọ́n sún ni.”
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Ràífù ha nọ́ńbà ilé ìyá rẹ̀,
tó fi ọ̀dà kọ tiwa síbẹ̀,
bàbá ṣírò, kò bọ́ sí i,
ó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

Ilé-ìkàwé yìí náà ti kó kúrò
níbi tí ẹ̀dà inú dísíìkì rò pé ó ń gbé.
Àyè ò gbà á láàárọ̀, ẹ̀rọ gbé e síbòmíràn,
ó sì tún àdírẹ́sì inú rẹ̀ ṣe, láìṣẹ̀tàn.
Èmi ni mo ka ẹni tó kó ilé mọ́ ẹni tó jalè.

Mo wọn ibi tó sún dé. Mo fi kún àdírẹ́sì ẹ̀dà,
ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, kí n tó fi wọ́n wéra.
Gbogbo rẹ̀ bára mu
àfi márùn-ún.
Mo ṣí àyè ìkọ̀wé, mo dá márùn-ún náà padà,
mo tì í.
Ètò pè. Onílé ló dáhùn.

Ladàánì ti ń húkọ́ sínú gbohùngbohùn.
Àlájà yóò dé ní agogo mẹ́jọ, yóò bi mí
bóyá torí báìtì márùn-ún ni mo ṣe ń gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.
N ó ní kó fi mẹ́ta kún un.