Ìwé Owó Ilé Àdín

Èmi ni mò ń kọ ìwé owó Alhaja Músílímọ̀ọ́tù,
nílé àdín, ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.
Ojú ewé kìíní: owó dísù.
Ojú ewé kejì: owó dísù.
Nísàlẹ̀, pẹ̀lú bírò pupa:
owó ọlọ́kọ̀ tó ń bá wa da èésan sódò.
A ń sanwó kí iná ó lè jó,
a tún ń sanwó da oúnjẹ iná nù.

Lóṣù Agẹmọ, odò dá ẹrù wa padà.
Ó kó èésan wọlé, kò gba kọ́bọ̀,
ó gbé àpò èkùrọ́ mẹ́tàdínlógójì lọ.
Alhaja dúró nínú ẹrẹ̀,
kò sọ nǹkan kan.

Ràṣákì adáná ló ṣa èésan tó gbẹ,
ó dà á sí ààrò.
Iná sọ lálá.

N kò ní purọ́: kì í ṣe ìfẹ́ odò.
Owó ni.
Ṣùgbọ́n lánàá, ọmọ Alhaja dẹ ìgèrè lẹ́yìn ilé,
ó kó àrọ̀ mẹ́fà wálé.
Mo ṣí ìwé.
N kò mọ ìlà tí màá kọ ọ́ sí.