Ohun Méjìlá Nínú Yàrá Kan

Ilé olówó kan wà nínú kọ̀ǹpútà mi,
ilé òyìnbó tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́.
Eruku orí tábìlì rẹ̀ kò ṣeé nù,
àbẹ́là rẹ̀ ń jó, kò kúrú.
Wọ́n to orúkọ ohun méjìlá sísàlẹ̀:
kọ́kọ́rọ́, ìyẹ́ ẹyẹ, ṣíbí, ejò bàbà,
aago tí kò lọ́wọ́, bọ́tìnnì kan ṣoṣo...
Bí mo bá rí gbogbo wọn, àpótí ìṣúra yóò ṣí.

Alẹ́ ni, ní Yàbá, nílùú Oǹdó.
Wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́,
bátìrì ò tó ìdajì mọ́.
Mo ti rí mọ́kànlá.
Bọ́tìnnì yìí ló kù.
Mo ti fojú gbá gbogbo ògiri náà,
mo tẹ ibi tí kò yẹ ní títẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta,
eré náà sì bínú, ó gé nínú àkókò mi.

Bàbá wà lẹ́yìn mi lórí àga rẹ̀.
Mo rò pé ó ti sùn.
“Ara bàtà yẹn,” ló wí.
“Bàtà wo, Bàbá?”
Ó na ìka kọjá èjìká mi,
ìka tó ti ń gbọ̀n láti ọdún méjì,
àfìgbà tó kan ojú kọ̀ǹpútà ló dákẹ́ jẹ́ẹ́.
Bọ́tìnnì náà rèé,
ó ṣe bí ihò okùn bàtà.

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi yẹ kòkó wò.
Gíréédà Akínlàjà ni wọ́n ń pè é
láti Òkè-Igbó títí dé Ìdànrè.
Á da ọgọ́rùn-ún kóró sórí pátákó,
á fọ̀bẹ là wọ́n ní méjì méjì,
á rí èyí tó bu nínú,
èyí tí kòkòrò ti sọ dilé,
èyí tí àgbẹ̀ rọra tì sí ìsàlẹ̀ àpò
nírètí pé ojú ìjọba ò ní tó ibẹ̀.
Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kì í gba rìbá.
Ojú rẹ̀ gan-an ni kì í gbà á.

A bọ́ sí yàrá kejì, a bọ́ sí ìkẹta.
“Ìyẹ́ ẹyẹ?”
“Òun ló dúró bí ewé nínú ìkòkò òdòdó yẹn.”
“Ejò?”
“Ṣé o ò rí i ni? Ó ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn.”
Ó ń rẹ́rìn-ín sínú.
Lẹ́yìn náà ló bojú jẹ́:
“Àwọn wo ló da ilé rú báyìí?
Àwọn tó ni ín dà?”
“Wọ́n rìnrìn àjò, Bàbá.”
“Wọn ì bá sì ti ilẹ̀kùn.”

Àpótí ṣí, góòlù dà sílẹ̀ wààrà.
Kò wò ó.
“O káre, Fèyíṣọlá,” ló sọ fún mi.

Fèyíṣọlá ni àbúrò rẹ̀
tí a sin sẹ́yìnkùlé wa yìí
lọ́dún tí mo wọ girama.
Èmi ni Ìbídùn.
Mo ti sọ ọ́ láàárọ̀, mo sì tún un sọ lọ́sàn-án
nígbà tí mo ń bá a gé ẹran sí wẹ́wẹ́.

Àtùpà kékeré kan wà ní igun eré yìí:
bí wíwá bá sú ọ, tẹ̀ ẹ́,
iná rẹ̀ á yí ohun tó pamọ́ ká,
á sì kú, wàá dúró kó tó tún lágbára.
Mo wo ojú Bàbá,
mo wo ìwájú orí rẹ̀, mo wo etí rẹ̀ méjèèjì,
bí ẹni pé mo máa rí ibi tí wọ́n fi tirẹ̀ sí.

Bátìrì ku ìwọ̀nba.
“Kí la tún ń wá?” ló bi mí.
Mo ń ka orúkọ wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan,
abẹ́rẹ́, fìlà, ẹyin, àkàbà,
títí tí wọ́n fi pé méjìlá,
mo bá fi ọ̀kan kún un:
“Ìbídùn.”

Ó fa àga súnmọ́ iwájú.
Ó na ọrùn, ó ń wò
abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé, àárín ìwé.
Mo gbé ọwọ́ síbi àtùpà.
“Má tẹ̀ ẹ́,” ló wí. “Mú sùúrù.
Kò lè jìnnà síbí.”