Ohùn Mẹ́ta Ìkòkò

Ẹ má bi mí ní ìwọ̀n.
Èmi náà bi í rí.
Mo ní, "Ìyá, iyọ̀ ṣíbí mélòó?"
Ó ní, "Ṣíbí ta ni?"

Ní Odòjọmu, ní Oǹdó, nílé tí páànù rẹ̀ ti dógùn-ún,
Ìyá Fúnmbí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin,
kò ríran mọ́ láti ọdún tí wọ́n bí Akinlabí,
ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gba ìdí àdògán lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣu ló kọ́kọ́ máa ń gbọ́.
Á fi èékánná kàn án, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àlejò:
"Èyí gbó. Èyí ṣì lómi nínú, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."
Á bẹ ẹ́, èèpo á máa já lọ gbọọrọ,
á gé e wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò, á bu omi sí i.
Omi kò gbọdọ̀ bo iṣu lórí.
"Ọrùn ni kó dé. Iṣu kì í ṣe ẹja, kò lè lúwẹ̀ẹ́."
Ata, àlùbọ́sà, epo pupa láti oko wa lọ́nà Òkè-Igbó,
ẹja gbígbẹ tí ó fi ìka wá egungun inú rẹ̀ títí;
egungun kan kò sá mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.

Ìkòkò ní ohùn mẹ́ta.
Ti àkọ́kọ́ ń dún ṣìì, bí òjò tí kò tíì pinnu.
Ti èkejì ń pariwo gbùdùgbùdù,
ọmọdé ni, ẹ má dá a lóhùn.
Ṣùgbọ́n bó bá di pọ̀ọ̀... pọ̀ọ̀... pọ̀ọ̀,
tí àárín kan sí èkejì gùn tó kéèyàn mí kanlẹ̀,
"Ẹ fa igi sẹ́yìn. Ó ti ń sọ̀rọ̀ àgbà."

Ìgbà náà ni ewé ẹfínrín, ọwọ́ la fi ń ya á, kì í ṣe ọ̀bẹ.
Ìgbà náà ni omorógùn, tí á fi tẹ apá kan fọ́,
tí á fi apá kan sílẹ̀.
"Ẹni tó léyín ń bẹ nílé, ẹni tí kò ní náà ń bẹ."

Lálẹ́ ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, iná mànàmáná lọ.
Gbogbo wa kígbe.
Mo fẹsẹ̀ gbá ìgò epo, Akinlabí ń wá ìṣáná,
bàbá mi ń bèèrè tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹni tí kò sí nílé.
"Kí ló dé?" ni Ìyá Fúnmbí bi wá.
A ní iná ló lọ.
"Ẹ̀hẹ́n."
Ó bu abọ́ àkọ́kọ́, kò dà sílẹ̀.
Ó bu èkejì. Ó ń pe orúkọ wa níkọ̀ọ̀kan,
ó ń na abọ́ sí wa nínú òkùnkùn biribiri,
ó sì mọ ibi tí ọwọ́ oníkálukú wà.

Lẹ́yìn oúnjẹ, kòkó.
Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n sí ṣokoléètì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé ìyẹn ná.
Èso kan ṣoṣo, tútù, tí a là mọ́ òkúta ẹnu ọ̀nà,
kóró funfun inú rẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ,
adùn rẹ̀ kan díẹ̀ létí ahọ́n.
Ẹyọ kan péré fún ọmọ mẹ́rin,
torí kóró tí ẹnu bá ti lá
kì í wú dáadáa lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀,
owó iléèwé wa sì ń bẹ nínú kóró.
"Lá a, má gé e jẹ. Tu ú síbẹ̀."
Tó, tó, tó, nínú igbá.
Ìyá Fúnmbí á máa kà á lábẹ́lẹ̀.
"Ó ku ẹyọ kan. Akinlabí."
Akinlabí á tu ú.

Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́, ni mo wà báyìí.
Sítóòfù gáàsì mi ń kùn ju ìkòkò lọ,
àsáró mi ti jóná lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí.
Lálẹ́ àná mo pa iná ilé ìdáná, mo dúró.
Ìníolúwa yọ lẹ́nu ọ̀nà:
"Màámi, kí lẹ ń ṣe nínú òkùnkùn?"
Mo ní kó dákẹ́.
Pọ̀ọ̀, ìkòkò wí.
Mo ń retí èkejì.