Ibi Tí Òjò Máa Gbà

Aago méjì òru ní Adéníké, Ògbómọ̀ṣọ́.
Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́.
Mo fi eyín di fóònù mú, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń tàn,
mò ń fa ìlà òrùlé
sórí bébà tí mo fi owó gàrí rà.

Òjò dé láì kanlẹ̀kùn.
Páànù onílé wa kò lè pa ẹnu mọ́:
ẹ̀kán kan já sórí pálọ̀, ó lu bébà,
ẹ̀kán kejì bọ́ sínú balùwẹ̀.
Ìyẹn tiẹ̀ mọ̀nà.

Láàárọ̀, Dókítà Àjàgbé na bírò pupa sí i:
"Ilé rẹ rẹwà. Òjò ńkọ́?
Ibo lo ní kó gbà?"
Ẹnu mi wúwo bí búlọ́ọ̀kù tútù.

Mo ká a, ó di Ìjérù, ọ̀dọ̀ bàbá mi bíríkìlà.
Ó nu sìmẹ́ńtì ọwọ́ sí ṣòkòtò,
ó dorí ilé mi kodò, ó tún yí i padà,
ó ní, "Èwo ni ẹnu ọ̀nà?"
Lẹ́yìn náà ó fi èkù ṣíbí ìrẹ́lé ya ilẹ̀:
òrùlé mẹ́rin tó kọjú síra wọn,
àárín ṣí sílẹ̀ gbayawu.
"Ilé tí wọ́n bí mi sí rèé.
Àlejò ni òjò níbẹ̀. Ìkòkò ló ń pàdé rẹ̀."

Mo padà, mo pa pálọ̀ rẹ́.
Ihò tí òjò lu, n ò lẹ̀ ẹ́.
Mo fa ilé yí i ká,
mo kọ "àgbàlá" sí etí rẹ̀.

Máàkì méjìdínlọ́gọ́ta ni Dókítà fún mi.
Bàbá ní, "Ṣé nínú ọgọ́ta ni?"