Ọ̀rọ̀ Tó Kọjú Sógiri

Wọ́n gbé e sókè nínú gbàgede títà kan ní Ghent,
pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun, bí ìkókó.
"Ẹ̀dà kẹtàdínlógójì nínú márùndínlọ́gọ́rin,"
ni Ọ̀gbẹ́ni Dierickx wí, ó sì wúkọ́ díẹ̀.
Mo wà níjòókòó ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná,
fìlà mi lórí eékún, ojú mi nílẹ̀.

Ẹ wò ó.
Màlúù kan dúró nínú òkun, omi mù ún dé ọrùn.
Àtẹ̀gùn ilé yọ láti ìhà rẹ̀,
òjò ń gun àtẹ̀gùn náà lọ sókè,
ó ti bọ́ bàtà sílẹ̀ kó má baà jí onílé.
Lókè pátápátá, fèrèsé; nínú fèrèsé, ẹnu,
ẹnu lásán, kò lójú, kò lágbọ̀n,
ó ń họ òṣùpá jẹ bí bisikíìtì.
Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ìlà kan láti inú ewì Ààrẹ:
òjò mọ orúkọ gbogbo wa, òmìnira ló fi ń pè wá.

Ewì náà dùn. Mi ò ní purọ́.
Sórí bébà sìgá ló kọ ọ́ ní àtìmọ́lé,
ní erékùṣù tirẹ̀ lọ́hùn-ún,
kí wọ́n tó gbé e látorí ẹní ẹ̀wọ̀n sórí àga ọlá.
Lọ́dún tí odò Leie dì gbagidi, gbogbo wa là ń kà á.
Ottilie Craeybeckx kà á títí omijé fi kán sínú ọbẹ̀ àlùbọ́sà rẹ̀.
Ó ní òun yóò fín in sára bàbà.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, èmi ni mò ń fọ àkísà yíǹkì.
Mo mọ òórùn ìda tó ń yọ́,
mo mọ bí ásíìdì ṣe ń hó wuruwuru létí ìlà,
bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn.
Ottilie ya màlúù. Ottilie ya ẹnu.
Ìlà ewì ló fi lé mi lọ́wọ́: "Wannes, kọ ọ́ sódì.
Ohun tó bá lódì lórí bàbà ni yóò tọ́ lórí bébà."
Mo kọ ọ́ sódì, láti ọ̀tún bọ̀ sósì,
ọrùn ń ro mí, ebi ń pa mí,
ìyá mi ń wúkọ́ nílé.
Nígbà tí mo dé òmìnira, ọwọ́ mi gbàgbé.
Mo kọ ọ́ bí wọ́n ti kọ́ mi nílé ìwé.

A yí ẹ̀rọ. Ottilie ṣí bébà tútù náà láti igun.
Gbogbo ọ̀rọ̀ kọjú sí wa bí ọmọlúàbí.
Ọ̀kan kẹ̀yìn.
Mo ń retí ìgbájú. Ó wò ó títí sìgá fi kú sí i létè.
"Fi sílẹ̀."
Kò sọ ìdí. Kò sọ ọ́ títí a fi sin ín.

Lọ́dún kẹta, Ààrẹ tí òjò mọ orúkọ rẹ̀
buwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi kó òṣìṣẹ́ èbúté,
igba ó lé mẹ́rin,
lọ síbi tí òjò gan-an ò mọ̀.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ní Ottilie ríran.
Dierickx fi ọ̀pá tọ́ka: "Ẹ wo ìgboyà! Ẹ wo ojú inú!"
Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Mẹ́jọ. Mọ́kànlá.
Obìnrin kan tó wọ yẹtí fàdákà nawọ́ sókè, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.
Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ mi fọ́ lóòótọ́,
àmọ́ ọmọ ló jáde níbẹ̀, ó hùyẹ́, ó sì fò.
Kí ni kí n dìde wí? Pé ebi ni?

Òòlù dún. Wọ́n pàtẹ́wọ́.
Bí mo ti ń lọ mú kóòtù mi,
jígí kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ìwé náà hàn nínú rẹ̀:
gbogbo ọ̀rọ̀ Ààrẹ ti dọ̀dì, kò ṣeé kà mọ́,
àfi ọ̀kan ṣoṣo tó dúró gbọn-in, tó kọjú sí mi,
pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ ilé ìwé.