Òkúta Nínú Àgò Igi

Mo ra irin kan nílùú Kásítírò,
ó ń dán, ó ní ìka mẹ́rin bí ẹsẹ̀ àkùkọ.
Mo gbé e léjìká wọ bọ́ọ̀sì,
àwọn èrò ń kí mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó.

Doralísà, ìyá ìyàwó mi, kò wo irin.
Omi ló ń wò.
"Kí ló wà nísàlẹ̀ ibi tí o fẹ́ dúró sí?"
N kò mọ̀.
"O ti ra bàtà kí o tó wọn ẹsẹ̀."

Ó so òjé mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́,
ó fi ọ̀rá àgùntàn pa á nídìí, ó jù ú sómi.
Lẹ́ẹ̀kíní, ẹrẹ̀ dúdú ló lẹ̀ mọ́ ọn gòkè.
Lẹ́ẹ̀kejì, èérún ìkarahun.
Lẹ́ẹ̀kẹta, kò mú nǹkan kan bọ̀,
àpá ló kún ara ọ̀rá bí ẹni tí ológbò ha lẹ́rẹ̀kẹ́.
"Àpáta. Irin rẹ á há síbẹ̀, wàá gé okùn,
wàá fi owó oṣù mẹ́ta ta akàn lọ́rẹ."

Ní Ṣílóè, omi a máa ga ju ilé lọ
láàárín oúnjẹ àárọ̀ sí ti ọ̀sán;
okùn tó tó nígbà tí o jí
kò ní tó mọ́ nígbà tí ebi bá tún pa ọ́.
Okùn kúkúrú a sì máa gbé ìdákọ̀ró nímú sókè
bí ẹni ń gbé ọmọ tó ń sùn.

A gé igi lúmà, igi tí ń mú àáké sunkún,
a tẹ̀ ẹ́, a dì í bí àgò adìyẹ,
ó ku òkúta tí yóò jókòó sínú rẹ̀.
Mo gbé mẹ́tàdínlógún wá láti etíkun.
Èyí rí róbótó jù, yóò máa yí.
Èyí ti sán, òtútù yóò là á.
Èyí, ó kàn wò ó, ó mi orí, kò sọ ìdí.
Nígbẹ̀yìn ó wọ abẹ́ àká lọ,
ó yí ọ̀kan jáde, ó gùn bí orí àgùntàn,
ewéko òkun gbígbẹ ṣì wà lára rẹ̀.

Ti Remíhíò ni, ọkọ rẹ̀.
Lẹ́yìn ìjì tó mú un lọ, nígbà tí omi fà,
wọ́n rí ìdákọ̀ró níbi tó jù ú sí,
kò yẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan.
Kókó ló tú.

N kò bèèrè ohun mìíràn.
Ó ní kí n di ojú, kí n ta kókó náà
mọ́ òrùka imú ọkọ̀. Imú, kì í ṣe ìdí,
torí ọkọ̀ tí a so nídìí ń pe omi wọlé.
Kí n ta á nígbà tí ọwọ́ mi kú fún òtútù,
kí n ta á nígbà tí òun ń bú mi,
kí n tún fi okùn wẹ́ẹ́rẹ́ di ẹnu rẹ̀ pa.
Ó fà á. Ó tún fà á. Ó gbé gbogbo ara lé e.

Irin Kásítírò wà lẹ́yìnkùlé báyìí,
òun la so ẹlẹ́dẹ̀ mọ́.
Ẹlẹ́dẹ̀ náà ń wọ́ ọ kiri.
Èyí tó bá dá ọkọ̀ ró la ń pè ní ìdákọ̀ró.

Lálẹ́, lójú omi, mo gbé ọwọ́ lé okùn.
Bó bá ń gbọ̀n tìrì-tìrì, a ń sún lọ nìyẹn.
Bó bá le, tó dẹ̀, tó tún le, bí ẹni tó ń mí,
a lè sùn.
Ó ń mí.
Mo dìde, mo tún lọ fọwọ́ kan kókó.